Ìlà Mẹ́ta Péré

Nínú yàrá àkójọ ìwé ní Dunedin, òtútù ń mú mi lẹ́sẹ̀.
Isbister ni mò ń wá. Akọ̀wé ọkọ̀ kọ ọ́ ní Isbuster:
"Barbara, ọmọ-ọ̀dọ̀, ọdún mẹ́tàlélógún. Ọmọ-ọwọ́ kan."

Ìwé ìròyìn ọjọ́ kejì ka ẹrù ọkọ̀ náà fínnífínní:
àgbá iyọ̀ ogójì, ẹṣin méjì, dùùrù kan,
orúkọ ẹni tó ni dùùrù pàápàá wà níbẹ̀.
Lẹ́yìn náà: "Ọmọ-ọwọ́ mẹ́ta kú lójú òkun. Ìrìn àjò dára."

Ìrìn àjò dára.
Orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ; àwọn wọ̀nyí, kò sí.

Mo ti fẹ́ pa ẹ̀rọ náà kí n máa lọ sílé
nígbà tí mo rí i lábẹ́ ìpolówó ọṣẹ:
"Ó sọnù láàárín èbúté àti òpópónà George,
ìborùn onírun àgùntàn, ó kéré, ó ti gbó,
kò lè wúlò fún ẹlòmíràn. B. Isbister."

Ọmọ-ọ̀dọ̀ tí kò tíì gbowó oṣù, ó sanwó ìlà mẹ́ta.
Wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ pé lọ́tẹ̀ yìí.
Ó ní láti jẹ́ pé ó dúró ti akọ̀wé,
ó ń pè é fún un, lẹ́tà kan, lẹ́tà kan.

Mi ò rí i kà bóyá ẹnikẹ́ni dá a padà.