Ohun Tí Akọ̀wé Fò

Ìlú kan ń bẹ létí òkun tó máa ń dì gbagidi,
Kemi lorúkọ rẹ̀. Má rẹ́rìn-ín.
Kì í ṣe Kẹ́mi ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ;
òtútù ibẹ̀ kì í kẹ́ ẹnikẹ́ni.

Aago mẹ́ta ọ̀sán, oṣù Nòfẹ́ńbà, ilẹ̀ ti ṣú.
Ìgbìmọ̀ ìlú jókòó: kọfí, bisikíìtì,
gbohùngbohùn mọ́kànlá.
Ọ̀rọ̀ ẹní kan ló wà nílẹ̀,
ẹní tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ibùsùn àgbàlagbà,
tó ń ka èémí, tó ń ka ìgbà téèyàn dìde lóru,
tó ń ròyìn fún ibi tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ.

Joonas Hietala, ọmọ iléeṣẹ́ aṣẹ̀rọ,
gbé àwòrán sára ògiri, ìlà aláwọ̀ ewé ń gòkè.
“Kò lójú,” ó ní, “kò létí. Òǹkà lásán ni.”
Agbẹjọ́rò ìlú ka abala kẹfà, ó ka ìkẹsàn-án.
“Ìyọ̀ǹda,” ó ní, “ìyọ̀ǹda,” lẹ́ẹ̀mẹrìnlá.
Ẹnì kan ń kà á lẹ́yìn.

Aune Lehtovaara dìde, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Kò bọ́ kóòtù rẹ̀.

“Mo fọwọ́ sí i. Ìwé náà gùn,
ojú ń dùn mí, ọmọ tó gbé e wá sì níwà pẹ̀lẹ́.
Ṣé ìyọ̀ǹda nìyẹn?
Nígbà tí Kauko kú, aago mẹ́ta òru ni mò ń jí.
Màá lọ jókòó sílé ìdáná,
màá gbé ife méjì kalẹ̀.
Ẹní yín kọ ọ́ pé: oorun dàrú, ìgbà mọ́kànlélógójì.
Lẹ́tà dé. Wọ́n ní kí n fi ilé mi sílẹ̀,
kí n lọ bá àwọn tí iyè wọn ti ra.
Ẹ ní kò lójú. Òótọ́ ni.
Ìbá lójú ni, ìbá ti rí ife kejì.”

Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tó máa ń bá Kauko sọ níbẹ̀,
ó sì yíjú sí akọ̀wé:
“Ìyẹn, má kọ ọ́.”

Òfin ní kò sóhun tí a kì í kọ.
Agbẹjọ́rò lanu, ó pa á dé.
Tuulikki Naskali, akọ̀wé fún ọdún mọ́kàndínlógún,
gbọ́wọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé
bí ẹni gbọ́wọ́ kúrò lórí ààrò gbígbóná.
Iná pupa kékeré kú.

Wọ́n dìbò, méje sí mẹ́rin: ó di Jánúárì.
Nínú àkọsílẹ̀, ojú ewé kẹfà, àlàfo ló wà níbẹ̀,
ó fẹ̀ tó ìka mẹ́ta.
Èmi tí mò ń ròyìn yìí, má bi mí.

Ìyá jáde sínú yìnyín.
Ó fi káàdì kan ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà bọ́ọ̀sì, ẹ̀rọ han ṣín-ín.
Ó kọ ọ́ sílẹ̀:
aago márùn-ún kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ,
èrò kan.