Pákó Tó Ń Yọ̀

Ọjọ́ tí káfíńtà sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri
ni mo rí i:
àpò ìwé owó ìkórè, aáyán ti jẹ ẹ́ létí,
ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà, kò dín kọ́bọ̀,
àti ọwọ́ ìkọ̀wé ara mi lórí rẹ̀:
Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.
Káfíńtà ní, "Mọ́mì, ẹ kú oríire."
Oríire!
Ọdún mẹ́fà ni owó yìí fi sùn sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù,
ọdún mẹ́fà tí mo fi ń pe ọmọ ọlọ́mọ lólè.

Mautin ni wọ́n sọ ọ́.
Ó ń pọn omi fún wa ní Ẹ̀bútè Mẹ́ta, nítòsí ojú irin,
kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, a máa kọrin Ègùn lábẹ́ ahọ́n.
Èmi ni mo ké. Ohùn mi ni.
Ohùn tí mo fi ń lé orin ní ìsìn òwúrọ̀
náà ni mo fi ké "Olè!" lọ́sàn-án,
àdúgbò sì ṣe àmín.
Mo rí i nígbà tí wọ́n yí i lọ́wọ́ sẹ́yìn.
Mo rí i nígbà tí ìgò bà á lókè ojú.
Mo wọlé lọ wo ọbẹ̀ lórí iná.

Olúwa, èyí ni n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni:
ọbẹ̀ náà dùn.

Mo ń jẹ́wọ́ lọ́jọọjọ́ ìsinmi, àwa ti ṣẹ̀, àwa ti ṣìnà,
bí ẹni ń ka iye aṣọ fún alágbàfọ̀.
"Àwa" rọrùn, èrò pọ̀ nínú rẹ̀.
"Èmi" ló ń há mi lọ́fun.

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí Mákòkó.
Mo di owó mọ́ àyà nínú ọkọ̀ ojú omi,
mo ń to ọ̀rọ̀: ṣé kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ni, àbí kí n kọ́kọ́ sunkún?
Omi dúdú. Èéfín ẹja.
Ogójì ọdún ni afẹ́fẹ́ fi ń gbé òórùn yìí wá bá mi nílé,
fèrèsé ni mo máa ń tì.

Mo bá a nídìí ọkọ̀ tó ń kàn lọ́wọ́,
ìṣó mẹ́ta lẹ́nu,
àpá kan lókè ojú òsì, bí àmì ohùn.
Ohùn mi ni.

Ó wò mí. Ó mọ̀ mí.
Gbogbo ohun tí mo tò dà sómi.
Mo gbé ẹsẹ̀ lé pákó tó wà láàárín wa,
ó yọ ìṣó lẹ́nu, ó na ọwọ́,
ọwọ́ yẹn gan-an, èyí tí wọ́n yí:
"Mọ́mì, ẹ rọra. Pákó yẹn ń yọ̀."

N kò mọ̀ bóyá ó ti dárí jì mí. Kò sọ bẹ́ẹ̀.
Ó ní owó náà kì í ṣe tòun, kí n dá a padà fún àwọn tó ni ín.
Ó ní fún ọdún kan gbáko, bí ẹnìkan bá pariwo lóde,
òun a ti sáré kí òun tó mọ̀.
Ó ní kí n bá òun di etí okùn kan mú.
Mo dì í mú títí ó fi kan ìṣó tó kù tán.
Ìyá rẹ̀, tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ Yorùbá,
wò mí títí, kò rẹ́rìn-ín,
ó fi bébà wé ẹja yíyan méjì fún mi.

Oore-ọ̀fẹ́ là ń pè é.
N kò mọ̀ pé ohun ọ̀fẹ́ lè wúwo tó báyìí.

Lójú omi, mo bi atukọ̀ pé kí ni Mautin túmọ̀ sí.
"Ọlọ́run wà," ó ní, bí ẹni ń sọ iye tí agogo lù.
Ọdún méjì ló fi pọn omi fún mi,
n kò bi í rí.

Lálẹ́, mo jẹ ẹja náà teegun-teegun.
Ẹsẹ̀ mi ṣì ń wá pákó yẹn nínú òkùnkùn.
Ó ń yọ̀, mo ní, ó ń yọ̀,
n kò sì mọ èwo nínú yíyọ̀ méjèèjì ni mo ń wí.