Òṣómàáló Ojú Fèrèsé

Osè ni. Má rẹ́rìn-ín.
Igi tí ọwọ́ àgbàlagbà mẹ́fà kì í ká,
òun ló lóṣòó sínú abọ́ tánganran ìyá mi
lójú fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ní Ìsọ̀kun, nílùú Iléṣà,
kò ga ju ìgò ọtí lọ.

Bàbá mi ló mú hóró rẹ̀ bọ̀ láti Bídà
nínú àpò kan náà tó ń kó ìwé gbèsè sí,
lọ́dún tó ta aṣọ àwìn kẹ́yìn.
Ó ní òun lóṣòó nídìí igi náà fún ọjọ́ méjì gbáko,
òun ń dúró de ọkùnrin kan tó jẹ òun ní ṣílè mẹ́wàá.
Owó ò wá. Èso igi ló já bọ́ lé e léjìká.
Ó gbà á bí ẹní gba èlé.

Mo fi ìṣó lu abọ́ nídìí, ihò márùn-ún.
Àpáàdì nísàlẹ̀, èédú tí mo gún lé e,
yanrìn odò,
ilẹ̀ dúdú kò ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ:
ìyà kọ́ ló ń pa irú igi yìí, ìkẹ́ ni.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo ń yí i lójú padà
kó má baà nà sóòrùn bí ọmọ tó ń yọjú sígboro.
Àlùmọ́gàjí tí bàbá mi fi ń gé aṣọ ni mo fi ń gé e lórí.
Wáyà rédíò tó ti yadi ni mo fi ń tẹ ẹ̀ka rẹ̀ wálẹ̀.
Wọ́n ní kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.
Wọn ò sọ ohun tí a ó ṣe
bí ìrókò bá gbà láti wà ní kékeré.

Màmá Fìjábì ti ìsàlẹ̀ wá tọrọ iyọ̀,
ó rí i, ó fẹ̀yìn rìn.
"Ilé ìwin lẹ gbé sí pálọ̀?"
Mo ní ìwin tó bá gba ibẹ̀ yẹn
ti kéré jù láti dẹ́rù bà wá.
Ó gba iyọ̀. Kò jókòó.

Ọyẹ́ dé, igi wọ́wé. Ewé mọ́kànlá, mo kà á.
Kì í fẹ́ omi lásìkò yẹn. Ìdí rẹ̀ tó sanra ni àmù rẹ̀,
ó ń bù ú mu díẹ̀díẹ̀ bí arúgbó tó mọ iye tó kù.
Ṣùgbọ́n Mopé, ọmọ ọmọ mi, rò pé ó ti kú.
Láàárọ̀, lálẹ́, ife omi kan, níkọ̀kọ̀,
pẹ̀lú àdúrà.

Mo fọwọ́ tẹ ìdí rẹ̀, ó rọ̀ bí ìbẹ́pẹ tó pọ́n jù.
Mo hú u. Gbòǹgbò ti ń rùn.
Mo gé èyí tó jẹrà, mo fi eérú pa ojú egbò,
mo tẹ́ ẹ sórí bébà, ọjọ́ mẹ́rìndínlógún,
láìsí yanrìn, láìsí omi.
"Ṣé mo ti pa á ni?"
Mi ò mọ̀ ọ́n dáhùn.
Mo ní, "Wá bá mi lóṣòó."
A lóṣòó tì í, èmi pẹ̀lú orúnkún mi tó ń ké.

Òjò àkọ́rọ̀ lu páànù lánàá.
Mo wo ẹ̀ka ìsàlẹ̀: nǹkan kan yọ,
kò tó orí abẹ́rẹ́, bóyá ojú mi ló sì ń tàn mí.
Kò tó ṣílè mẹ́wàá.

Mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ Mopé lórí àtẹ̀gùn.
Mi ò tíì sọ fún un.