Ẹ̀kọ́ Ikọ́

Òkùnkùn ti bo Kuopio láti aago mẹ́ta ọ̀sán.
Tuulikki, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì,
jókòó síwájú ẹ̀rọ, ìbọ̀sẹ̀ onírun lẹ́sẹ̀,
kọfí ti tutù sínú ife.

Ọta mẹ́ta ló kù.
Ní ìpele tó le jù yìí, ẹyọ kan ti tó láti rán ni sọ́run;
kò sí oògùn, kò sí ẹ̀bẹ̀.
Ó ti kú nígbà mọ́kànlélógójì
lẹ́nu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo.

Ikú náà ló kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́ ikọ́:
ọmọ-ogun orí àtẹ̀gùn a máa húkọ́ kó tó yọjú.

Ó dúró.
Ikọ́.
Ó yìnbọn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Yàrá mìíràn,
àwọn tí kò tíì mọ ikọ́ wọn.
Tuulikki rẹ́rìn-ín, ó dìde lọ gbé omi kaná.