Ẹlẹ́rìí Kejì

Ní Kirkwall, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń ti ilẹ̀kùn kóòtù
bí ẹni tó wá sin gbèsè,
àwa mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó lórí pákó.
Oníbúrẹ́dì ni mí; ìyẹ̀fun ṣì wà léèékánná mi.

Thora Isbister bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí.
Àgùntàn òun mọ́kànlá, ó ní.
Ó ní òṣùpá yọ lóru náà,
òun rí Drever tó ń dà wọ́n lọ sétí omi,
òun gbọ́ ikọ́ rẹ̀.
Ta ni kò mọ ikọ́ Drever nínú wa?

Adájọ́ ní ká má fi ohun tí a mọ̀ láti ilé ṣe ẹ̀rí.
Ó ní ẹrù ni ẹ̀rí, ẹni tó fẹ̀sùn kanni ní í rù ú;
ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kò ní í bá a ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.
Drever ká ọwọ́ lé itan.
Ọwọ́ òfìfo. Ọwọ́ tí òfin ní kó ṣófo.

Agbẹjọ́rò ìjọba wá gbé ẹrù náà.
Mo rí i bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń wọ èjìká.
Ní Skọ́tílándì, ojú ẹnìkan kò tó rí nǹkan,
àfi kí ojú mìíràn tì í lẹ́yìn.
Ó pe atukọ̀. Atukọ̀ ní òun sùn.
Ó pe alápatà: ó ní orí wọn ti wọ iná,
àmì tí Thora gé sí wọn létí ti di eérú.
Ó pe òṣùpá. Rárá, kò pè é.
Èmi ni mo pè é nínú ọkàn mi. Kò wá.

Nínú yàrá a jiyàn títí tíì fi tutù.
Ìyá arúgbó kan ní, "Mo gbà á gbọ́."
Mo ní, "Èmi náà gbà á gbọ́.
Ṣé ìgbàgbọ́ là ń wọ̀n ni?"
Kò dá mi lóhùn. Èmi náà kò dá ara mi lóhùn.

Méje síhìn-ín, mẹ́jọ sọ́hùn-ún.
Ẹ̀rí kò fìdí múlẹ̀.
A kò wí pé ó jí i, a kò wí pé kò jí i;
a sọ ẹrù kalẹ̀ láàárín ọ̀nà, a bá tiwa lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Drever wá ra búrẹ́dì méjì.
Owó rẹ̀ pé. Ó wúkọ́.
Thora wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà,
ó ń wò mí.
Mo fi bébà di búrẹ́dì, mo so okùn mọ́ ọn,
mo tú u,
mo tún un so.