Gbèsè Ohùn

Nínú ṣọ́ọ̀bù Làníyì, ní Adétí,
ni mo ti gbọ́ pé mo ti di bàbá àgbà.
Ó ń gẹ irun mi lọ́wọ́, ẹ̀rọ ń kùn létí mi bí oyin,
ó ní, "Bàbá, ẹ kú ewu ọmọ o."
Mo ní, ọmọ ta?
Ó nu irun ara fóònù nù, ó nà án sí mi.
Morádékẹ́ rèé lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú rẹ̀ wú,
nǹkan pupa kan tí wọ́n fi aṣọ wé wà láyà rẹ̀.

Igba ènìyàn ó lé mọ́kànlá ti rí i ṣáájú mi.
Ọmọkùnrin tó ń ta káàdì ní Eréjà ti kọ àmín mẹ́ta.
Ẹni tó jẹ mí lówó ilẹ̀kùn méjì láti ọdún ìdìbò,
òun náà ti kí i, ó tún rẹ́rìn-ín sí i.
Orúkọ ọmọ sì ti wà nísàlẹ̀,
ó dùn, bí orúkọ ọṣẹ.

Apá kan orí mi ti mọ́, apá kejì ṣì kún.
Mo dìde. Mo ní kó jẹ́ kí n máa lọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ má rò pé inú mi ò dùn.
Ó dùn débi tí mo gbàgbé ibi tí mo gbé kẹ̀kẹ́ sí.
Ṣùgbọ́n ẹ̀yìnkùlé ni ayọ̀ yẹn gbà wọlé,
bí àlejò tó kí gbogbo àdúgbò tán
kó tó wá kan ilẹ̀kùn onílé.

Bàbá mi ta aṣọ láwìn dé Ìkàrẹ́, dé Ọ̀fà.
Bí onígbèsè bá yẹ àdéhùn,
á bá a níwájú ilé kí àkùkọ tó kọ,
á ní, "Òṣó ni mà á ló
títí n ó fi gbowó mi."
Orúnkún rẹ̀ la fi jẹun.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé fóònù mi onítọ́ọ̀ṣì
lé orí àpótí, mo lóṣòó síwájú rẹ̀.
Mo ní káàdì nínú rẹ̀; mi ò pè.
Ohùn ni Morádékẹ́ jẹ mí, kì í ṣe owó.
"Bàbá, mo ti bí." Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Orúkọ kan sì wà lábẹ́ ahọ́n mi
láti ọjọ́ tí a sin ìyá rẹ̀ sẹ́bàá igi ọsàn,
bó bá ṣe obìnrin.

Aago kan òru kọjá kó tó dún.
"Bàbá, ẹ ti rí i, àbí?"
Mo ní, mo rí i lọ́wọ́ onígẹrun.
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ òjò ìlú ibi tó wà.
Ó ní, "Nígbà tí ọmọ bọ́ sílẹ̀, nọ́ńbà Màámi ni ìka mi tẹ̀.
Mi ò mọ ìgbà tó tẹ̀ ẹ́.
Obìnrin inú ẹ̀rọ ní wọ́n ti pa fóònù náà.
Mi ò lè tẹ nọ́ńbà kankan mọ́.
Mo kàn jù ú síbi tí ẹnì kan ò ti ní bi mí
pé ta ló ń fi omi gbígbóná wẹ̀ ọ́."

Kí ni olówó fẹ́ wí?
Bàbá mi náà, lọ́jọ́ kan ní Ọ̀fà,
bá òkú nílé onígbèsè. Ó dìde ńlẹ̀,
ó fi ìgàn aṣọ kan sílẹ̀ fún wọn, ó lọ.

Mo ní, gbé fóònù sí i lẹ́nu.
Ó ní ó ń sùn. Mo ní, jí i.
Igbe náà dé, tín-ín-rín, pẹ̀lú ìbínú;
fọ́tò yẹn ò mú un dání.
Mo sọ ọ́ sí i létí lẹ́ẹ̀kan: Yéjídé.
Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó tún figbe ta.

Mo fẹ́ dìde, orúnkún kọ̀.
Mo wà lóṣòó níbẹ̀, irun lápá kan orí,
títí Làníyì fi wá kan ilẹ̀kùn láàárọ̀
pé òun wá parí iṣẹ́ òun.