Ọ̀sẹ̀ Kẹrin ní Òkè Àró

Mo ti mọ bí a ṣe ń ṣí ẹ̀rọ omi
kí ariwo rẹ̀ lè bo ariwo ọ̀fun mọ́lẹ̀.
Ilé àwa ayálégbé ni, yàrá mẹ́fà, balùwẹ̀ kan.
Màmá Tádé á kanlẹ̀kùn: "Ṣé kò sí nǹkan?"
"Kò sí nǹkan, mà. Mò ń fọṣọ ni."
Aṣọ wo là ń fọ̀ láago méjì òru?

Wọ́n ní ẹni tó bá ń jẹun, ara rẹ̀ ló le.
Ìdí nìyẹn tí kò fi sẹ́ni tó rí mi.
Mo jẹ odindi búrẹ́dì kan,
mo jẹ ìrẹsì àná tó tutù bí òkúta,
n kò gbọ́ adùn rẹ̀ rárá. Ihò ni mò ń dí,
ihò náà kò sì nísàlẹ̀.
Lẹ́yìn náà, ìka méjì.
Lẹ́yìn náà, omi nìkan,
kí àǹtí mi ní Alágbàká tó wá yìn mí
pé mo ti rí lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́,
àǹtí kan náà tó sọ lésìí, níwájú àlejò,
pé owó kòkó Bàbá ti di ẹran ní itan mi.

Inú fóònù ni mo ti rí i, ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ méjìlá.
Kò bi mí pé ọmọ ta ni mí.
Kò ní kí n gbààwẹ̀; inú ààwẹ̀ ni mo kúkú ti ń bọ̀.
Ó ní kí n máa kọ ohun tí mo bá jẹ,
àti ohun tó ń ṣe ọkàn mi kí n tó jẹ ẹ́.
Irọ́ ni mo kọ́kọ́ kọ.
Ẹ̀wà díẹ̀. Ọsàn kan. Ọkàn mi balẹ̀.
Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹni tó ń ka ìwé wa fèsì,
Ìbíyẹmí, n kò mojú, n kò mohùn:
"Bí èyí bá jẹ́ òótọ́, ẹ kú iṣẹ́.
Bí kì í bá ṣe òótọ́, ojú ewé ọ̀la ṣì funfun."
Mo sunkún títí dátà fi tán.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ní kí n máa jẹun láàárọ̀,
ebi ń pa mí o, kò pa mí o,
torí ebi tí a bá tilẹ̀kùn mọ́ láàárọ̀,
ojú fèrèsé ló ń gbà wọlé lóru.
Bó bá sì ti fẹ́ dé, kí n jókòó,
kí n máa wo aago fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú;
ríru ló ń ru, yóò rọlẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ kẹta, wọ́n mú iná lọ,
fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́ ní ìṣẹ́jú kọkànlá.
Kò sí aago. Kò sí Ìbíyẹmí.
Èmi àti ilẹ̀ sìmẹ́ńtì.
Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀nà ilé:
Àpọnmú, Ọ̀wẹnà, Bólórúndúró,
mo dé Oǹdó, mo padà, mo tún lọ.
Nígbà kẹta tí mo dé Ọ̀wẹnà, ó ti rọlẹ̀.

Kò tíì tán o.
Lọ́jọ́ Àìkú mo ṣubú, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀:
Búrẹ́dì. Ìka. Ojú ń tì mí.
Òótọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Lánàá mo délé, ní Òdòjọ̀mù.
Màmá mi gúnyán. Mo jẹ ẹ́.
N kò jẹ ẹ́ tán, n kò sì sáré.
Wọ́n palẹ̀ abọ́ mọ́,
wọ́n ń sọ iye tí wọ́n ń ra kòkó báyìí,
mo jókòó, mo kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn balùwẹ̀.
Wọ́n ní kí ló dé tí n kò tíì fọwọ́.
Mo ní mò ń bọ̀.
Iyán ti gbẹ mọ́ mi níka,
títí kan méjèèjì yẹn.